Kọ̀ǹpútà kan, ẹni mẹ́ta ló ń lò ó: kí la máa kọ́kọ́ tì?

Akọ́ṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló wà nílé, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, ẹni mẹ́ta ló sì ń lò ó: àgbàlagbà méjì àti ọmọ ọdún 13. Báǹkì, íméèlì, iṣẹ́ iléèwé àti géèmù, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń lọ. Account kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò, kò sì sí antivirus kankan tá a fowó rà. Nǹkan kan ò tíì ṣe é, àmọ́ a ò fẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀ ká tó máa sá kíjokíjo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é gan-an. "Ẹ máa ṣọ́ra" ti sú wa.

Tọ́jú-Ẹ̀rọ
Account kan ṣoṣo yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Account àkọ́kọ́ tí Windows bá dá sílẹ̀ máa ń jẹ́ administrator, ìyẹn ni pé òun ló ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Tí ọmọ bá wá tẹ fáìlì géèmù tí kò dáa, kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni fáìlì ọ̀hún máa tọrọ, "Yes" kan péré ló sì kù kó wọlé pátápátá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ lọ sí Settings, Accounts, Other users, kẹ́ ẹ tẹ Add account. Ó máa béèrè íméèlì. Ẹ tẹ "I don't have this person's sign-in information", lẹ́yìn náà "Add a user without a Microsoft account". Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní Alabojuto tàbí ohun tó bá wù yín, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tiẹ̀. Tó bá ti jáde, ẹ tẹ orúkọ náà, Change account type, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Administrator. Ẹ jáde, ẹ fi Alabojuto wọlé lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ rí i pé ó gbà. Ìgbà yẹn lẹ tó máa sọ account àtijọ́ di Standard User, kẹ́ ẹ sì dá Standard sílẹ̀ fún àwọn méjì tó kù. Ẹ má yí i po o: ẹni tó bá gba agbára lọ́wọ́ account àtijọ́ kó tó dán tuntun wò, tó sì ti ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kọ, ìta ló ti ara ẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá fẹ́ fọwọ́ kan Windows fúnra ẹ̀ máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà Alabojuto. Tó bá béèrè nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ, No ni ìdáhùn.

Ojú-Lalákàn
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí Akọ́ṣẹ́ mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Account Standard ò lè ní kí fáìrọ́ọ̀sì má ba fáìlì ẹni tó ni account náà jẹ́, kò sì lè ní kó má kó ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú browser rẹ̀. Ohun tí ìwọ bá lè ṣí, áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ lè ṣí i. Èrè rẹ̀ ni pé ìbàjẹ́ yàrá kan ò ní di ti gbogbo ilé.

Update ló tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe MS17-010 jáde fún ihò kan nínú Windows. Lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, WannaCry gba inú ihò ọ̀hún wọ ẹ̀rọ káàkiri ayé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì kí àrùn tó dé.

Nítorí náà: Settings, Windows Update, Check for updates. Nínú Advanced options, ẹ tan "Receive updates for other Microsoft products". Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ jù ni ká kàn máa pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀rọ sùn ni, kò kú. Update tó ti wọlé á wá máa retí restart tí kò dé. Ẹ restart rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Browser ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tẹ àmì tóótó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ sí Help, lẹ́yìn náà About. Fúnra ẹ̀ ló máa wá èyí tuntun, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa tẹ Relaunch. Fún àwọn áàpù yòókù, ẹ ṣí Terminal (àpótí tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí), kẹ́ ẹ kọ `winget upgrade` láti rí àwọn tó ti gbó, kẹ́ ẹ tó wá kọ `winget upgrade --all`. Kì í mọ gbogbo áàpù, ṣùgbọ́n ó mọ púpọ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lò mọ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

Ìkànnì tó bá ní "browser yín ti gbó, ẹ gba tuntun níbí", irọ́ ni. Inú Help tí mo sọ yẹn nìkan ni browser ti ń gba tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí lórí Windows 10: ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ ẹ̀ parí. Ẹ̀rọ tí kò bá sí nínú ètò ESU (àtúnṣe ààbò àfikún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn) kò gba àtúnṣe ààbò mọ́. Tí ẹ̀rọ yín ò bá lè gba Windows 11, ẹ fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sórí ẹ̀ dípò kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀rọ oníhò wọ báǹkì.

Akọ́ṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Antivirus ńkọ́? Ṣé ká rà á, àbí èyí tó bá Windows wá tó?

Ẹ̀ṣọ́-Òru
Fún ilé, èyí tó bá Windows wá tó, bí ẹ bá lè rí i pé ó wà ní títàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò ó rí. Ẹ ṣí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings. Ẹ wo mẹ́ta: Real-time protection, Cloud-delivered protection, Tamper Protection. Kí gbogbo wọn wà ní On. Kẹ́ ẹ tó jáde lójú ewé yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ohun kan wà níbẹ̀. Ó yẹ kó ṣófo. Áàpù crack (áàpù olówó tí wọ́n ti já àgádágodo ẹ̀) tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń ní kẹ́ ẹ fi fóódà òun sí Exclusions "kí antivirus má baà dí i lọ́wọ́". Olè ló ń ní kẹ́ ẹ so ajá mọ́lẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí fóódà tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá ṣe Full scan.

Lẹ́yìn ìyẹn, App & browser control, Reputation-based protection: ẹ tan Potentially unwanted app blocking. Òun ló ń mú àwọn áàpù amúnibínú tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn áàpù ọ̀fẹ́.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ pé ó wà ni Controlled folder access, lábẹ́ Ransomware protection. Tó bá wà ní títàn, áàpù tí Windows ò mọ̀ kò lè kọ nǹkan sínú Documents, Pictures àti irú wọn. Ìyọnu ẹ̀ ni pé àwọn géèmù kan máa ń tọ́jú nǹkan sínú Documents, wọ́n á wá máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láìsọ ìdí. Ẹ tẹ "Allow an app through Controlled folder access", kẹ́ ẹ mú géèmù náà láti inú "Recently blocked apps". Ẹ má torí géèmù kan pa gbogbo ẹ̀.

Tọ́jú-Ẹ̀rọ
Ohun kan wà tí Ẹ̀ṣọ́-Òru fò. Kọ̀ǹpútà tuntun sábà máa ń bá antivirus onígbà díẹ̀ wá. Níwọ̀n ìgbà tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, ti Windows á kó ara ẹ̀ sẹ́yìn. Tí àkókò ọ̀fẹ́ bá wá parí, ẹ lè wà láìní ẹ̀ṣọ́ gidi kankan, àfi ìkéde "ẹ wá sanwó" tó ń jáde lójoojúmọ́. Settings, Apps, Installed apps, ẹ yọ ọ́, ẹ restart, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá Real-time protection ti padà sí On. Ẹ má sì fi antivirus méjì sórí ẹ̀rọ kan, wọ́n á máa bára wọn jà, ẹ̀rọ á máa wọ́.

Kọ́kọ́rọ́
Ẹ jẹ́ n bá yín dé orí ọ̀rọ̀ aṣínà, torí ibẹ̀ ni owó wà.

Íméèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe báǹkì. Gbogbo ìkànnì tẹ́ ẹ bá tẹ "mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà" sí, inú íméèlì ni wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá gba íméèlì yín ti gba gbogbo yòókù.

Ẹ fi áàpù atọ́jú-ọ̀rọ̀-aṣínà sórí ẹ̀rọ: Bitwarden tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lórí fóònù náà, KeePassXC tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà nínú fáìlì kan lọ́wọ́ yín. Òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà fún yín, lẹ́tà 16 sókè, ìkànnì kan ọ̀rọ̀ kan. Ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ lo ọ̀kan níbi méjì ni pé tí wọ́n bá fọ́ ìkànnì kan, àwọn olè á kó íméèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n á fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa dán an wò ní ìkànnì mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ íméèlì yín sí haveibeenpwned.com, ó máa sọ bóyá ó ti jáde nínú irú ìfọ́lé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa há sórí, èyí tó ń ṣí áàpù náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára wọn tan ṣe é, irú bí `igbin-ferese-meje-okuta-aso`. (Ẹ má da èyí kọ o, gbogbo ayé ti rí i.) Ẹ má fi òwe ṣe é, ẹ má fi ẹsẹ ìwé mímọ́ ṣe é, ẹ má fi oríkì ṣe é: ohun tí ẹlòmíràn lè bá yín parí kì í ṣe àṣírí. Ẹ má sì fi àmì sórí lẹ́tà tàbí sábẹ́ ẹ̀. Ìkànnì míì ò gba ẹ àti ṣ, ẹ sì lè dé ẹ̀rọ tí kò ní bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí kejì, ìyẹn ohun tí ìkànnì ń béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Áàpù tó ń gbé nọ́ńbà mẹ́fà jáde, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, dáa ju nọ́ńbà tí wọ́n ń fi SMS ránṣẹ́ lọ, torí olè lè tan ilé iṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí SIM òun. Bó bá jẹ́ SMS nìkan ni ìkànnì náà ní, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ó ṣì sàn ju òfo lọ. Ìkànnì tó bá ní passkey (kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀rọ yín tó ń rọ́pò ọ̀rọ̀ aṣínà), ẹ lò ó: orúkọ ìkànnì gidi ni wọ́n so ó mọ́, kò ní dáhùn lórí ìkànnì ayédèrú kódà bí ojú yín bá ti gbà á gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rí kejì, wọ́n á fún yín ní recovery codes, èyí tẹ́ ẹ máa fi wọlé tí ẹ̀rí kejì ò bá sí lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé. Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù lẹ máa mọ ìdí.

Akọ́ṣẹ́
Ìyàwó mi ò fẹ́ áàpù, ìwé ajákọ ló fẹ́ máa kọ ọ́ sí. Ṣé ó burú?

Kọ́kọ́rọ́
Kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ inú yàrá. Ìwé tí ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n tó yàtọ̀ síra wà nínú ẹ̀ sàn ju orí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà fún ìkànnì ọgbọ̀n. Kó má ṣáà fi sínú àpò kọ̀ǹpútà. Ohun kan péré ni ìwé ò lè ṣe: áàpù máa ń kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí ìkànnì tí orúkọ ẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Ìwé ò ní sọ̀rọ̀. Kí ìyàwó yín máa ka àdírẹ́sì dáadáa.

Ojú-Lalákàn
Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Ẹ wo èyí:

`https://banki-yin.com.ijerisi.example/wole`

Ojú máa kọ́kọ́ rí "banki-yin.com", ọkàn á sì balẹ̀. Ẹ fò ó. Ẹ wá ìlà ìdábùú (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn "https://", èyí tó wà ṣáájú "wole". Ẹ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa kà padà sápá òsì: example, ijerisi. Ẹni tó ni ìkànnì yẹn ni ijerisi.example. Gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀, òun ló kọ ọ́ bó ṣe wù ú. (Fún àdírẹ́sì tó parí bíi .co.uk, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ máa kà, kì í ṣe méjì.) Àmì àgádágodo ò sọ pé olóòótọ́ ni wọ́n, ohun tó sọ ni pé ẹlòmíràn ò lè gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì jọ ń sọ. Olè náà lè ra àgádágodo.

Ọgbọ́n burúkú kan wà níta báyìí tí mo fẹ́ kí ọmọ ọdún 13 yẹn mọ̀ dáadáa. Ìkànnì á ní "ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì". Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ní: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú V, ẹ tẹ Enter. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì àkọ́kọ́, ìkànnì náà ti da àṣẹ kan sínú ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá copy. Windows àti R ṣí àpótí tó ń gba àṣẹ, Ctrl àti V lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, Enter ṣe é. Ọwọ́ yín lẹ fi gbé fáìrọ́ọ̀sì wọlé, ìdí nìyẹn tí antivirus fi lè má rí i lásìkò. Kò sí ìdánwò róbọ́ọ̀tì kankan tó nílò bọ́tìnì Windows. Kò sí.

Ní ti fáìlì: Windows máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, nítorí náà `iwe-owo.pdf.exe` á hàn bí `iwe-owo.pdf`. Ẹ ṣí File Explorer, View, Show, File name extensions. Láti ìgbà yẹn, ẹ máa wo ìparí: .exe, .scr, .js, .bat, .lnk, .iso tó bá wá láti íméèlì, ẹ má ṣí i. Word àti Excel tó wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Office ti ń dí macro (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀) inú wọn láti ọdún 2022. Tí lẹ́tà kan bá wá ń kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa lọ sí Properties lọ tẹ Unblock, ẹ ti mọ ohun tó ń wá.

Ẹ̀ṣọ́-Òru
Kí n fi ti ojú-ewé adẹ́rùbani kún un. Ó máa gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, á máa pariwo, á ní fáìrọ́ọ̀sì ti wọlé, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà kan. Ìkànnì lásán ni. Ẹ di Esc mú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tàbí kẹ́ ẹ tẹ F11, lẹ́yìn náà Alt àti F4. Tí kò bá lọ, Ctrl, Shift àti Esc, ẹ mú browser, End task. Tẹ́ ẹ bá tún browser ṣí tó ní "Restore pages?", ẹ kọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn padà wá ni. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn, wọ́n á ní kó fi áàpù tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè sórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni jìbìtì gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkéde tó ń jáde ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kódà nígbà tí browser ò sí lójú kọ̀ǹpútà, fáìrọ́ọ̀sì kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnì kan ló tẹ Allow fún ìkànnì kan. Nínú Settings browser, ẹ wá Notifications, kẹ́ ẹ yọ ìkànnì tẹ́ ẹ ò mọ̀. Níbẹ̀ kan náà, ẹ lọ wo Extensions, àwọn áàpù kékeré tí wọ́n fi kún browser. Èyí tó bá ní àṣẹ láti "read and change all your data on all websites" ń ka báǹkì yín bẹ́ ẹ ṣe ń kà á. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ń lò gan-an sílẹ̀, ẹ yọ yòókù.

Wáyà-Dúdú
Ẹ ti gbàgbé ráútà. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ `ipconfig`, ẹ wo iwájú Default Gateway; ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú browser. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Wi-Fi, òun sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí lórí ọ̀pọ̀ ráútà àtijọ́ "admin" ni. Irú ààbò tẹ́ ẹ máa mú fún Wi-Fi: WPA3, tí kò bá sí, WPA2 pẹ̀lú AES. WEP ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹ pa WPS, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ Wi-Fi láìkọ ọ̀rọ̀ aṣínà: PIN rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìdajì ìdajì ni ráútà ń yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà ìkẹyìn sì jẹ́ ti ìṣirò lásán, nítorí náà 11,000 ni gbogbo ohun tí olè ní láti dán wò, kì í ṣe mílíọ̀nù 100. Ẹ pa Remote management. Ẹ wá firmware tuntun, ìyẹn ètò inú ráútà fúnra ẹ̀. Tó bá ní Guest network, ibẹ̀ ni kí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù àlejò máa wà.

Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ fi 9.9.9.9 sí DNS ráútà, ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè ọ̀nà ìkànnì. Quad9 nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń kọ̀ láti júwe ọ̀nà ìkànnì tí wọ́n ti mọ̀ sí ti fáìrọ́ọ̀sì.

Tọ́jú-Ẹ̀rọ
Gbogbo èyí lè kùnà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà fáìlì fi ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìtọ́jú méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Ẹ wo bí fóódà C:\Users ṣe tóbi tó nínú Properties, kẹ́ ẹ wá hard disk ìta tó tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Ẹ da fáìlì kọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́. Hard disk tó bá wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí fáìrọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa bá wọlé, wọ́n á tì í pa pẹ̀lú yòókù. Ibi ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá fóódà yín dọ́gba nígbà gbogbo náà á gba fáìlì tó ti bàjẹ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, àti fún ọjọ́ mélòó. Lóṣooṣù, ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta láti orí hard disk náà. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ wo Settings, Privacy & security, Device encryption, èyí tó ń ti gbogbo inú hard disk. Tó bá wà ní On, kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà kan wà, nọ́ńbà 48. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé báyìí, torí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá béèrè ẹ̀, kò ní ṣí láìsí i.

Akọ́ṣẹ́
Flash kan wà tí ọmọ gbé wá láti iléèwé. Gbogbo fóódà inú ẹ̀ ti di shortcut.

Ẹ̀ṣọ́-Òru
Ẹ má tẹ ìkankan nínú wọn. Fáìlì gidi ṣì wà níbẹ̀, fáìrọ́ọ̀sì fi wọ́n pamọ́ ni, ó wá fi shortcut tó ń pe òun fúnra ẹ̀ rọ́pò wọn. Ẹ fi àmì asin tẹ flash náà lápá ọ̀tún nínú File Explorer, ẹ ṣe Scan with Microsoft Defender. Tó bá parí, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ:

`attrib -h -r -s /s /d E:\*.*`

Ẹ fi lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà yín fún flash rọ́pò E. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, tẹ́ ẹ bá kọ C, fáìlì Windows lẹ máa dà rú. Fóódà á padà hàn. Ẹ pa àwọn shortcut rẹ́ àti fáìlì .vbs tàbí .exe tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ da iṣẹ́ gidi kọ síbòmíràn, kẹ́ ẹ wá Format flash náà. Kí iléèwé náà gbọ́, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi í bọ̀ ló ti kó o, á sì tún kó o.

Kọ́kọ́rọ́
Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ pa Wi-Fi lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, íméèlì ṣáájú, báǹkì tẹ̀ lé e. Pípààrọ̀ nìkan ò tó: àwọn fáìrọ́ọ̀sì akónilẹ́rù ìsinsìnyí máa ń jí cookie tó ń sọ fún ìkànnì pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀, wọn ò sì nílò ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ẹ̀rí kejì pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ wá ibi tí ìkànnì ti ń ṣàfihàn àwọn ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ lé gbogbo wọn jáde.

Lórí ẹ̀rọ tó kó àrùn, Virus & threat protection, Scan options, Microsoft Defender Offline scan. Á restart, á sì yẹ ara ẹ̀ wò kí Windows tó dìde, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní dúró síbẹ̀: Settings, System, Recovery, Reset this PC, Remove everything, Cloud download. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fáìlì pa, ẹ má sanwó, ẹ má sì pa fáìlì tí wọ́n tì náà rẹ́. Ẹ gbé méjì nínú wọn lọ sí nomoreransom.org, tí Europol, ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands àti àwọn ilé iṣẹ́ antivirus dá sílẹ̀ ní 2016. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà fún irú èyí tó kọ lù yín, ọ̀fẹ́ ni.

Akọ́ṣẹ́
A ti dá àwọn account sílẹ̀, ráútà ti ṣe, hard disk á dé lọ́la. Ìyọnu kan ṣoṣo: gbogbo ìgbà tí géèmù ọmọ bá fẹ́ ṣe update, ọ̀rọ̀ aṣínà Alabojuto ló ń béèrè. Ó ti fẹ́ há a sórí.

Tọ́jú-Ẹ̀rọ
Ó jọ pé inú C:\Program Files ni géèmù wà, account Standard ò sì lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ fi Alabojuto wọlé, ẹ dá fóódà C:\Geemu sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, Properties, Security, Edit, Add, ẹ kọ orúkọ account ọmọ, OK, ẹ fún un ní Modify, OK. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú áàpù tó ń gbé géèmù náà, kẹ́ ẹ gbé géèmù lọ sí fóódà tuntun yẹn. Update á máa wọlé láìbéèrè.

Tó bá ṣì ń béèrè, ẹ wo Verified publisher lójú àpótí tó ń béèrè náà. Tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ọmọ wo ibòmíràn. Tó bá jẹ́ Unknown ló wà níbẹ̀, ẹ tẹ No, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ wá síbí.